ÀKỌLÉ ÌBẸ̀RẸ̀ FÍÌMÙ GẸ́GẸ́ BÍ ÌJÚBÀ ÀTI ÌWÉ ÌTÀN: LÁTI ÌTÀGÉ YORÙBÁ DÉ ỌJÀ FÍDÍÒ ONITSHA

Ìfáàrà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo dé sí ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní Woliwo, ní Onitsha. Ó gbé páálí kan tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ síwájú mi, ti Ìgbò àti ti Yorùbá. Ẹ̀rọ tó fi ń wò wọ́n ti bàjẹ́, ni ọmọ rẹ̀ bá wá ọ̀kan nínú àwọn fíìmù náà rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àárín ìran kìíní ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti gé àkọlé àti orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ sọnù. Mo béèrè pé ta ló kọ ìtàn náà, ta sì ni olùdarí. Kò sí ẹni tó lè dáhùn nínú wa. Ìdáhùn wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n a kò rí i wò.

Ohun tó bí iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ohun tí mo pè ní àkọlé ìbẹ̀rẹ̀ ni apá tí fíìmù tàbí eré amóhùnmáwòrán fi ń ṣí: orúkọ eré, orúkọ àwọn tó ṣe é, bí wọ́n ṣe ya lẹ́tà, àwòrán àti orin tó bá wọn rìn. Èrò mi ni pé ìjúbà ni apá yìí jẹ́ fún wa, ó sì tún jẹ́ ìwé ìtàn.

Ìjúbà lórí ìtàgé

Kí fíìmù tó dé ni eré Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń ṣílé. Àwọn aláàrìnjó kì í ṣeré láìjúbà. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìbà fún àgbà àti fún ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́, kí wọ́n tó jó, kí wọ́n tó pidán. Àwọn àgbà sọ pé bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Nígbà tí Hubert Ogunde bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré kiri láti nǹkan bí ọdún 1945, ó fi orin àti ijó ìṣíde síwájú eré rẹ̀. Inú rẹ̀ ni òǹwòran ti ń mọ ohun tó ń bọ̀.

Láti amóhùnmáwòrán dé fíìmù

Ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Láyé ìgbà náà, páálí tí a fọwọ́ kọ lẹ́tà sí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán lágbàáyé máa ń gbé síwájú kámẹ́rà. Orin náà ń ṣiṣẹ́ àkọlé. Nígbà tí Cock Crow at Dawn bẹ̀rẹ̀ lórí NTA ní ọdún 1980, orin Bongos Ikwue ló ń pe ará ilé láti ìdí àdògán wá síwájú amóhùnmáwòrán.

Ní Amẹ́ríkà, Saul Bass ti yí ojú tí wọ́n fi ń wo apá yìí padà pẹ̀lú The Man with the Golden Arm ní ọdún 1955. Tẹ́lẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé sinimá, aṣọ ìkélé kì í tíì ṣí tí orúkọ á ti máa kọjá. Fún fíìmù yìí, a gbọ́ pé wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ pé kí wọ́n ṣí aṣọ náà kí àkọlé tó bẹ̀rẹ̀.

Nílé wa, àkọlé tún di olùkọ́ àkọtọ́. Ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní, èyí tó ní ká kọ "ayé", kì í ṣe "aiye". Síbẹ̀, Aiye ni Ogunde pe fíìmù rẹ̀ ní ọdún 1979, ó sì pe èyí tó tẹ̀ lé e ní Jaiyesimi ní ọdún 1980. N kò dá a lẹ́bi, nítorí àkọtọ́ tó bá dàgbà ló lò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ka "Aiye" lójú fíìmù kò ṣí ìwé àkọtọ́ rí. Nínú páálí Woliwo pàápàá, ọ̀pọ̀ àkọlé Yorùbá ni kò ní àmì ohùn rárá. Ẹni tó bá kọ "igba" báyìí, ṣé igbá ni, àbí ìgbà, àbí igba owó?

Onitsha àti orúkọ tó fara pamọ́

Onitsha ti mọ agbára àkọlé tipẹ́. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ ọjà Onitsha, bíi Veronica My Daughter tí Ogali A. Ogali kọ ní ọdún 1956, fi orúkọ àti àwòrán ẹ̀yìn ìwé fa òǹrajà mọ́ra. Àwọn oníṣòwò fídíò náà jogún ọgbọ́n yìí. Kenneth Nnebue, tó ti náwó sí fíìmù Yorùbá bí Aje Ni Iya Mi (1989), ló gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò ní ọdún 1992. Vic Mordi ni orúkọ olùdarí tó wà lójú fíìmù náà. Chris Obi Rapu, tó ti ṣiṣẹ́ ní NTA, ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún òpìtàn. Èkíní, a kò gbọdọ̀ gbé àkọlé ìbẹ̀rẹ̀ mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. A ní láti fi wé ẹ̀rí mìíràn. Èkejì, bí wọ́n bá ti gé e sọnù, a kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ìbéèrè kan wà. Orúkọ gbajúmọ̀ kì í tètè sọnù, ṣùgbọ́n ti ayàwòrán, onílù àti aránṣọ lè má sí níbòmíràn.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, mo dábàá nǹkan mẹ́ta. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan da gbogbo orúkọ inú fíìmù àtijọ́ kan kọ, kí a sì fi í sí ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kí wọ́n kọ àkọlé bó ṣe wà lójú fíìmù, lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ ọ́ ní àkọtọ́ òde òní pẹ̀lú àmì ohùn. Kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka Ìgbò ṣe iṣẹ́ yìí pọ̀, nítorí inú páálí kan náà ni mo ti bá kásẹ́ẹ̀tì wọn. Kásẹ́ẹ̀tì ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Kí a tètè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí lẹ́tà inú wọn ṣì ṣeé kà.