Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Alájọlò ní Sabon Gari, Kánò: Fífọ̀ àti Pípa Kòkòrò Àrùn

Sabon Gari ni àdúgbò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì là sẹ́yìn odi Kánò fún àwọn ará gúúsù tí wọ́n bá rélùwéè dé ní ọdún 1911 àti àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ ojú irin, oníṣòwò láti Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti ilẹ̀ Ìgbò. Sábó Ìbàdàn, àwọn Hausa ló ń gbé ibẹ̀. Ti Kánò, tiwa ni. Yálà ní Yoruba Road ni èèyàn yà sí ni o, tàbí New Road, ilé àtijọ́ tí yóò bá níbẹ̀ kì í yàtọ̀ síra púpọ̀: yàrá kọjú sí yàrá, àgbàlá wà láàárín, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìn. Ìdílé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lè máa pín ìgbọ̀nsẹ̀ kan lò. Ohun tó ń mú kí irú ìgbọ̀nsẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ kì í ṣe oògùn olóòórùn líle. Omi ni, àti kí olúkúlùkù mọ ọjọ́ tó kàn án.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ti wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Òfin ìlú tí Lugard, gómìnà àgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní ọdún 1917 pín àwọn ìlú sí ìpele, Kánò sì bọ́ sí ìpele kejì. Ìlànà ìgbà náà ni pé kí ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó 440 yáàdì wà láàárín ilé òyìnbó àti ti ọmọ ìbílẹ̀, nítorí ẹ̀rù ibà àti ẹ̀fọn. Wólé-wólé, tí àwọn Hausa ń pè ní duba-gari, a wọlé yẹ ìkòkò omi wò bóyá ó ní tanwíji, a sì wo ìgbọ̀nsẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, onílé gba ilé ẹjọ́ lọ nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú tí ìjọba amúnisìn là ní Nàìjíríà, garawa ló wà lábẹ́ ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ láyé ìgbà náà, agbépóò a sì wá gbé e lóru. Nínú odi Kánò, nǹkan yàtọ̀ pátápátá. Inú ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ṣáláńgá sí. Bó bá kún, wọ́n á kó o jáde, wọ́n á pò ó mọ́ eérú àti pàǹtírí, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á sì rù ú lọ sí oko tó yí ìlú ká. Irú ajílẹ̀ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa dá ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún láìfi í sílẹ̀ kó sinmi. Ohun tí à ń fimú dí sí, owó ni lójú ẹlòmíràn.

Ní oṣù Keje ọdún 1985, ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọn gbé ìmọ́tótó àyíká kún ètò ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìlétò. Láti ìgbà náà ni Sátidé ìparí oṣù ti di ọjọ́ ìgbálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Gọ́tà lọ́jọ́ yẹn máa ń mọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìgbọ̀nsẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀ de ìparí oṣù.

Omi ni ìṣòro àkọ́kọ́. Omi ẹ̀rọ kì í dé gbogbo ilé, ọ̀dọ̀ méruwà tó ń ti kúrà tó kún fún kẹ́ẹ̀gì ni ọ̀pọ̀ ayálégbé ti ń rà á. Ẹni tó fi owó ra omi kì í fẹ́ dà á nù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ táǹkì tó wà lókè àwo ìgbọ̀nsẹ̀ fi di ilé aláǹgbá, tó sì jẹ́ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń da omi sínú àwo. Dídà náà ní ọgbọ́n: kí omi náà pọ̀, kó sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Omi díẹ̀díẹ̀ kò ní gbé nǹkan kan lọ, yóò kàn pò ó ni. Omi tí a fi fọ aṣọ tán ṣeé lò fún èyí, ó sì dára ju kí a máa da omi tó mọ́ nù lọ.

Àjàkálẹ̀ onígbáméjì tó jà ní Kánò láti ìparí ọdún 1995 sí ọdún 1996 fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá òórùn. Àwọn tó kó o tó 5,600, àwọn tó kú sì jẹ́ 340. Àwọn olùwádìí rí i pé mímu omi tí wọ́n ń tà lójú pópó bá àrùn náà rìn, àti pé àwọn tó ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ọwọ́ wà lára ohun tí kòkòrò onígbáméjì ń bá rìn láti ìgbọ̀nsẹ̀ dé ẹnu. Nítorí náà, nínú ìgbọ̀nsẹ̀ alájọlò, ọwọ́ ilẹ̀kùn, àgádágodo àti ọwọ́ kẹ́tùlù lè léwu ju inú àwo lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn gan-an ni a kì í fọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń fọ ìgbọ̀nsẹ̀ dáadáa rèé. Ẹni tó kàn á wọ sílípáàsì tí kì í kúrò níbẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, á kọ́kọ́ da omi lu àwo kí ìtọ̀ tó wà níbẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà á fi omi ọṣẹ nu ọwọ́ ilẹ̀kùn àti ara ògiri, á bọ́ sí ìjókòó, á wá fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú àwo àti abẹ́ etí rẹ̀, níbi tí ojú kì í dé. Ilẹ̀ ló ń gbẹ̀yìn. Ó di ìgbà tí ọṣẹ bá ṣan kúrò kí oògùn kilorínì, Hypo tàbí Jik, tó dé. Ẹni tó bá da Hypo sórí ìgbẹ́ fi owó ṣòfò, nítorí ìdọ̀tí ni yóò jẹ agbára rẹ̀ tán kó tó kan kòkòrò kankan.

Ìwọ̀n rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Agbára kilorínì tó wà nínú irú oògùn yìí kì í sábà jìnnà sí 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí ìgbẹ́ tàbí èébì aláìsàn bá ti kàn, 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a lò: ife kan sí ife omi mẹ́fà nìyẹn. Fún ọjọ́ lásán, ife kan sí bí ife márùndínlógójì ti tó. Kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó ṣàn án. Omi tútù ni kí a fi pò ó, kí a sì lò ó tán lọ́jọ́ náà, torí pé oòrùn àti ooru ń pa agbára rẹ̀, oòrùn Kánò kò sì mọ ẹnì kan. Èyí tí wọ́n bá bu sínú ike funfun tí wọ́n sì tò síwájú ìsọ̀ láti àárọ̀, n kò ní gbára lé e.

Harpic yàtọ̀ sí Hypo. Ásíìdì ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti bó àbààwọ́n pupa rúsúrúsú tí omi ilẹ̀ àti ìtọ̀ ń kó jọ sára àwo. Lílo méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni àṣìṣe tó burú jù. Gáàsì kilorínì ló ń tinú rẹ̀ jáde, irú èyí tí àwọn Jámánì tú sí àwọn ọmọ ogun ní Ypres ní ọdún 1915, ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ní fèrèsé kì í sì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń bá a wọ̀yá ìjà. Kódà Hypo lórí ìtọ̀ tí a kò ṣàn ń mú gáàsì tó ń ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun wá. Bí ikọ́ bá mú ẹni tó ń fọ̀ ọ́, kó jáde kíá, kó má sọ pé òun fẹ́ parí rẹ̀.

Izal wá ńkọ́? Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ara ohun tó ń ṣẹ́ kù nídìí èédú. Dúdú ni nínú ìgò, ó di funfun bí omi bá kàn án. Ó ń pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fọ ìdọ̀tí, òórùn rẹ̀ sì máa ń tan èèyàn jẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń ta sánsán Izal láti ẹnu ọ̀nà tí etí àwo rẹ̀ kò rí búrọ́ọ̀ṣì fún oṣù kan.

Ìlànà ilé ni ìyókù. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sára ìwé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. “Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ kàn o,” ni gbólóhùn tí a ń gbọ́ láàárọ̀ Sátidé. Àwọn àpọ́n ló sábà máa ń bá a jà. Wọ́n ní àwọn kì í gbélé, kí ló dé tí àwọn yóò fọ póò ọmọ ọlọ́mọ? Nínú ilé tó létò, àpọ́n a máa ra Hypo àti ọṣẹ, àwọn abilékọ á fọ̀ ọ́, ìjà á sì tán.

Nípa ṣáláńgá àti sókèwéè: kí a má da Hypo púpọ̀ sínú wọn, torí pé àwọn kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ níbẹ̀ ló ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó kún. Eérú àti ìdérí ló tó lé eṣinṣin. Kẹrosíìnì kò dára níbẹ̀ rárá, nítorí gáàsì tó lè gbaná wà nísàlẹ̀. Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń ní kó wà láàárín ṣáláńgá àti kànga, àgbàlá ilé Sabon Gari kò sì lè gba irú àyè bẹ́ẹ̀. Ilé tó bá ní kànga lẹ́yìnkùlé lè fi omi rẹ̀ fọ ìgbọ̀nsẹ̀ bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kí ó sè é kí ẹnikẹ́ni tó mu ún, pàápàá láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò ń rin ilẹ̀ gbingbin.