Oòrùn nìkan kọ́ ló ń bẹ́ táyà: ẹ má yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀

Tí oòrùn bá mú ní Ajah, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn awakọ̀ kòròpé: "Fọgánáísà, bá mi dín afẹ́fẹ́ táyà yìí kù, kó má baà bẹ́ lọ́nà." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dẹ́rù bà mí, torí òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òótọ́.

Ẹ mú wáyà háńgà kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lójú kan náà, kí ẹ wá fọwọ́ kan ibẹ̀. Á ti gbóná. Kò sí iná, kò sí oòrùn. Títẹ̀ yẹn ló di ooru.

Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà. Ibi tó bá kan títì á tẹ́ pẹrẹsẹ, tó bá yí kúrò, á tún wú padà. Tí ọkọ̀ kékeré bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ojú kan lára táyà á tẹ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Rọ́bà kì í sì í dá gbogbo agbára tó tẹ̀ ẹ́ padà. Èyí tó bá kù sínú rẹ̀ ló ń di ooru. Fífi ara gbolẹ̀ náà ń dá ooru tiẹ̀, pàápàá tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, àmọ́ nínú ìrìn gbọọrọ, títẹ̀ ló ni ìpín tó pọ̀ jù. Tí afẹ́fẹ́ bá wá kéré, tàbí tí ẹrù pọ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ooru á kó jọ sínú, àwọn ìpele rọ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára wọn, ó di gbàù! Oòrùn kàn ń dá kún un ni.

Ṣé títẹ̀ lásán lè dá irú ooru bẹ́ẹ̀? Ẹ gbójú sókè. Òṣùpá wa ló ń fa òkun Lekki tó fi ń kún tó sì ń fà. Júpítà náà ní òṣùpá kan tó ń jẹ́ Io, tó ń yí i ká ní wákàtí 42 àti ààbọ̀. Àwọn òṣùpá méjì mìíràn, Europa àti Ganymede, kì í jẹ́ kí ọ̀nà rẹ̀ rí roboto: ó ń sún mọ́ Júpítà, ó ń jìnnà, ara rẹ̀ ń fà, ó ń dẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ lè wú tó 100 mítà, kó tún rọlẹ̀. Ní March 2, 1979, Stanton Peale àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ ọ́ jáde pé inú Io á ti yọ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ òfuurufú Voyager 1 kọjá níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì fi òkè ayọnáyèéfín hàn. Wọ́n ti lé ní 400 tí a mọ̀ báyìí. Bẹ́ẹ̀, Io jìnnà sí oòrùn ní ìlọ́po márùn-ún tiwa o!

Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ ọkọ̀ yín wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn rárá, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Tó bá ti rìn, gééjì á ga sí i. Ẹ má tìtorí ẹ̀ yọ afẹ́fẹ́.