Sìgá oníbátìrì fún amusìgá tó ní kòkòrò HIV

Sìgá oníbátìrì jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń mú omi oníníkotíìnì gbóná títí yóò fi di oru. Ewé tábà kankan kì í jó nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí ọ̀dà tó ń bo ẹ̀dọ̀fóró bí ẹ̀gbin ààrò. Èyí ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tó ní HIV: ìwádìí kan ní Denmark lọ́dún 2013 rí i pé, láàárín àwọn tó ń gba ìtọ́jú, sìgá ń gba nǹkan bí ọdún 12 lọ́wọ́ amusìgá, HIV ń gba 5. Ní Abidjan, ní Côte d'Ivoire, ni ìwádìí Temprano (2015) ti fi hàn pé ó yẹ kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV. Ó dunni kí sìgá wá ba èrè oògùn náà jẹ́.

Ní Boribana, àdúgbò mẹ̀kúnnù ní Attécoubé, ní Abidjan, létí ọ̀sà Ebrié, kí wọ́n tó wó o lulẹ̀ ní 2024, irú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ iná mànàmáná àti omi àràtúnrà bẹ́ẹ̀ ti nira fún tálákà. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò àwọn ìwádìí tí àjọ Cochrane ṣe sọ pé ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú sìgá ju àwọn ohun arọ́pò níkotíìnì bíi bẹ́ńdéèjì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fa sìgá oníbátìrì àti sìgá tábà pọ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ èéfín.