Bí a ṣe ń yẹ sẹ́ńsọ̀ ooru EGR wò kí a tó náwó lé e

Bí iná tí a kọ Check Engine sí bá tàn níwájú awakọ̀, tí àyẹ̀wò sì gbé àmì 71 jáde lára Toyota àtijọ́, tàbí P0401 lára àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé sẹ́ńsọ̀ EGR ti bàjẹ́, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu sẹ́ńsọ̀ náà pẹ̀lú.

EGR ni ètò tí ó ń dá díẹ̀ nínú èéfín ọkọ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Èéfín yìí kò lè jó mọ́, nítorí náà ó ń dín ooru inú ẹ́ńjìnnì kù, kì í sì í jẹ́ kí gáàsì olóró pọ̀ jù. Lára àwọn Toyota kan tí wọ́n ṣe fún ìpínlẹ̀ California ní àwọn ọdún 1990, sẹ́ńsọ̀ kan wà lójú ọ̀nà èéfín náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bóyá èéfín gbígbóná ń kọjá. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdènà tí ó ń ṣe fún iná mànàmáná ń dín kù.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ yọ wáyà ara sẹ́ńsọ̀, ẹ fi sípánà tú u. Ẹ ri orí rẹ̀ nìkan bọ inú epo ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú tẹmómítà, kí ẹ sì fi ẹnu mítà méjèèjì kan irin méjì tí ó wà ní ìdí rẹ̀. Orí sítóòfù oníná mànàmáná ni kí ẹ ti máa mú epo náà gbóná díẹ̀díẹ̀, ní ìta gbangba. Ẹ má jẹ́ kí omi kán sí i.

Ní 50°C, mítà yẹ kí ó wà láàrin 60,000 sí 100,000 óòmù. Ní 100°C, láàrin 10,000 sí 16,000. Ní 150°C, láàrin 2,000 sí 4,000. Ìwé àtúnṣe ọkọ̀ yín ni yóò sọ èyí tí ó péye jù. Ẹ má ṣe fi ti ìgbà tí ó tutù nìkan dájọ́, nítorí pé mítà tí kò kà ju 200,000 lọ lè ṣe bí ẹni pé sẹ́ńsọ̀ ti já. Bí òǹkà náà kò bá yí padà bí epo ti ń gbóná, sẹ́ńsọ̀ ti kú nìyẹn.

Bí ó bá yege, ẹ má ṣe ra òmíràn. Òótọ́ ni ó ń sọ: èéfín kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ tú fáàfù EGR, ẹ ha dúdú èéfín tí ó dí ọ̀nà náà kúrò, kí ẹ sì wò ó bóyá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń jẹ́ kí fáàfù ṣí ti là. Àwọn kan a máa fi irin pẹlẹbẹ dí ọ̀nà náà pa. Ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a sì máa dún kokoko bí ó bá ń gun òkè.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tú orí bátìrì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí àmì náà lè parẹ́, kí ẹ tó wa ọkọ̀ náà wò.