Iṣan Achilles

Iṣan Achilles, tí a tún lè pè ní iṣan gìgísẹ̀, ni iṣan tí ó so ẹran ẹ̀yìn ojúgun pọ̀ mọ́ eegun gìgísẹ̀. Nínú gbogbo iṣan tí ó so ẹran mọ́ eegun nínú ara ènìyàn, òun ni ó nípọn jùlọ tí ó sì lágbára jùlọ. Ẹni tí ó bá fi ìka méjì mú òkè gìgísẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn yóò kàn án bí okùn líle. Eré sísá, fífò, bọ́ọ̀lù àti ijó ni ó gbára lé e, ìdí sì nìyí tí jíjá rẹ̀ fi wà lára àwọn ìfarapa tí àwọn eléré ìdárayá ń bẹ̀rù jùlọ.

Bí ó ṣe rí

Ìṣù ẹran méjì ni ó parapọ̀ di iṣan yìí. Èkíní, gastrocnemius, ni ó wà lóde. Ó ní orí méjì, òkè orúnkún ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Èkejì, soleus, wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì kọjá orúnkún. Iṣan náà gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lára àgbàlagbà. Àwọn fọ́nrán kọ́lájìn tí ó wà nínú rẹ̀ kò lọ tààrà: wọ́n ń lọ́ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí okùn tí a fi ọwọ́ lọ́. Apá tí ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 6 sókè eegun gìgísẹ̀ kì í rí ẹ̀jẹ̀ gbà tó àwọn apá yòókù, ibẹ̀ gan-an ni ó sì sábà máa ń já.

Lára ìnàkí, iṣan yìí kúrú púpọ̀. Dennis Bramble àti Daniel Lieberman, nínú ìwé ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2004, ka gígùn rẹ̀ lára ènìyàn mọ́ àwọn àmì tí ó fi hàn pé ara àwọn baba ńlá ènìyàn yí padà kí wọ́n lè sá eré ọ̀nà jíjìn.

Iṣẹ́ rẹ̀

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀, iṣan yìí a nà, a sì gba agbára pamọ́ bíi rọ́bà kànnàkànnà tí a fà sẹ́yìn. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń kúrò nílẹ̀, a dá èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú agbára náà padà. Ní 1987, R. McNeill Alexander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ fún ẹni tí ó wọn kílógíráàmù 70 tí ó ń sáré mítà 4.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú nǹkan bíi júùlù 100 tí ara ń pàdánù tí ó sì ń rí gbà padà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iṣan Achilles ń tọ́jú 35, àtẹ́lẹsẹ̀ sì ń tọ́jú 17. Ohun tí ẹran ìbá fi làágùn ṣe ni iṣan ń ṣe láìgba oúnjẹ. Paavo Komi, onímọ̀ ará Finland, fi ẹ̀rọ kékeré kan sára iṣan ènìyàn tí ó ń sáré, ó sì rí i pé ẹrù tí ó ń gbé lè tó ìlọ́po 12.5 ìwúwo ara.

Ìṣe àwọn Maasai ní Kẹ́ńyà àti Tanzania fi èyí hàn kedere. Nínú ijó adumu, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jagunjagun a máa fò sókè ní òró léraléra, gìgísẹ̀ wọn kì í sì í kan ilẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá balẹ̀ tí ẹni náà sì dúró, agbára tí iṣan tọ́jú yóò ṣòfò. Láti 2012 ni fífò yìí ti di ìdíje nínú Maasai Olympics ní Kẹ́ńyà, èyí tí a dá sílẹ̀ láti fi rọ́pò pípa kìnnìún.

Orúkọ rẹ̀

Philip Verheyen, onímọ̀ ẹ̀yà ara láti ilẹ̀ Flanders, ni ó so ó mọ́ orúkọ Achilles nínú ìwé rẹ̀ ti 1693. Nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, Thetis rì ọmọ rẹ̀ bọ inú odò Styx kí ohun ìjà má baà ràn án, ṣùgbọ́n omi kò kan gìgísẹ̀ tí ó fi dì í mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú Iliad ti Homer ni èyí wà. Kò sí níbẹ̀: ìwé náà ti parí kí Achilles tó kú. Statius, akéwì Róòmù ní ọ̀rúndún kìíní, ni ó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ odò náà.

Jíjá rẹ̀

Àwọn tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí ni ọkùnrin ẹni ọdún 30 sí 50 tí ń ṣeré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn oògùn apakòkòrò bíi ciprofloxacin pẹ̀lú lè sọ iṣan yìí di aláìlágbára, ní pàtàkì lára àwọn tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún; ní 2008 ni ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ kí a kọ ìkìlọ̀ gbòógì nípa rẹ̀ sára wọn. Ó yẹ kí eléré tí ń dá ra oògùn fúnra rẹ̀ mọ èyí.

Ẹni tí iṣan rẹ̀ já sábà máa ń gbọ́ ìró kan, a sì máa rò pé ẹnìkan gbá òun nípàá láti ẹ̀yìn. Dókítà a dá a dojúbolẹ̀, a sì fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀: bí àtẹ́lẹsẹ̀ kò bá mira, ó ṣeé ṣe kí iṣan ti já pátápátá. A lè rán an pọ̀ tàbí kí a fi bàtà àkànṣe dè é. Ọ̀nà méjèèjì ń gba ọ̀pọ̀ oṣù. David Beckham pàdánù Ife Àgbáyé 2010 nítorí rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, Liu Xiang ti Ṣáínà ṣubú ní igi ìdènà àkọ́kọ́, ó fi ẹsẹ̀ kan ta dé ìparí, ó sì fi ẹnu ko igi ìdènà tí ó kẹ́yìn.

Fún iṣan tí ó ń dunni ṣùgbọ́n tí kò já, Håkan Alfredson ará Sweden gbé ìdárayá kan jáde ní 1998: kí ènìyàn dúró létí àtẹ̀gùn, kí ó máa sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbà 15 lọ́nà mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12.

Ọkàn eléré

Iṣan lè san kí ọkàn má tíì gbà pé ó ti san. Ẹni tí ń bẹ̀rù a máa gbé ìwúwo ara rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ kejì láìmọ̀, a sì máa fà sẹ́yìn nígbà tí ó yẹ kí ó fò. Ẹran ẹsẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ yóò wá rọ sí i, ìrọ̀ náà yóò sì fún ẹ̀rù ní ẹ̀rí. Ìdí nìyí tí àwọn olùtọ́jú fi ń bi eléré léèrè nípa ìbẹ̀rù rẹ̀, tí wọ́n sì ń mú un padà ní ìpele-ìpele: rírìn, dídúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ìfò kékeré, eré sísá, kí ó tó kan ìdíje. Iṣan Kevin Durant, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, já ní oṣù kẹfà 2019. Oṣù kejìlá 2020 ni ó tó padà sí ìdíje, ó sì gba góòlù ní Tokyo ní ọdún tí ó tẹ̀lé e.