Ìbọn ṣakabùlà àkọ́kọ́ fún ọ̀dọ́ ọdẹ: Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Bí ọmọ ọdẹ bá ti tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wọ igbó fún ọdún mélòó kan, tó ti mọ ipa ẹsẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ti ìgalà, ìbọn tirẹ̀ ló máa ń béèrè. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ ọdẹ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó jọ ìbọn kọ́ ni ìbọn. Èyí tí kò dára nínú wọn, ẹni tó dì í mú ló kọ́kọ́ máa ń ṣe léṣe, torí ojú àti ìka ló sún mọ́ ọn jù.

Kí ni ṣakabùlà?

Ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu ni. Ẹ̀tù ló ń kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n fi ń dí i, kí ọta tó tẹ̀lé e. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń tì í wọlé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì máa ń dún kí wọ́n tó tún un ki.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Dane gun, nítorí pé àwọn oníṣòwò ará Denmark wà lára àwọn tó kó irú ìbọn gígùn bẹ́ẹ̀ wá sí etíkun wa. Àwọn ará Denmark yìí ní odi ńlá kan ní Accra, tí wọ́n tà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1850. Lónìí, àwọn alágbẹ̀dẹ wa náà ń rọ ọ́.

Kí ni òfin sọ?

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta, ìsọ̀rí kẹta sì ni àwọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu. Èyí túmọ̀ sí pé ṣakabùlà náà nílò ìwé àṣẹ. Kí baba tàbí ọ̀gá ọdẹ tó náwó, kí ó kọ́kọ́ béèrè ìlànà ní àgọ́ ọlọ́pàá, kí ó sì fi tó Olúọdẹ ìlú létí.

Òfin yìí kò gbà kí wọ́n fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé àṣẹ. Bákan náà ni ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ọmọ ọdún 15 tó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó ṣì máa gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá ná.

Ọ̀pá ìbọn ló ṣe pàtàkì jù

Kí ẹ tó wo ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe yọjú wo ẹnu rẹ̀ o. Ẹ ti ọ̀pá ìkìbọn wọ inú rẹ̀ títí yóò fi dúró, ẹ sàmì sí ibi tó dé, kí ẹ wá fa ọ̀pá náà yọ, kí ẹ fi wọn ẹ̀yìn ìbọn. Bí kò bá dé ìdí, nǹkan wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ: irin wo lo fi ṣe é? Páìpù omi kì í ṣe irin ìbọn. Omi ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe agbára ẹ̀tù. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, ibẹ̀ ló sì lè ya sí lọ́jọ́ kan. Ẹ fọwọ́ ra gbogbo ara ọ̀pá náà, pàápàá ìdí rẹ̀ níbi tí ẹ̀tù ti ń jó. Bí ẹ bá rí ibi tó wú, ibi tó sán tàbí ibi tí ìpẹtà ti jẹ wọlé, ẹ dá a padà. Ihò tí iná ń gbà wọlé kò gbọdọ̀ fẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni iná lè gbà tú sójú.

Ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ so ìbọn náà mọ́ kùkùté, kí ó fi okùn gígùn fà á láti ẹ̀yìn igi ńlá, lójú yín, kí ẹnikẹ́ni tó dì í mú yìn. Alágbẹ̀dẹ tó bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn lọ.

Ohun tó ń dá iná

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ń fi òkúta ìṣáná ta iná sórí ẹ̀tù tó wà níta. Kò ná ni lówó, ṣùgbọ́n òjò àti ìrì máa ń dà á láàmú, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dún. Èkejì ní ife irin kékeré tí wọ́n ń dé sórí ihò, tí òòlù ìbọn ń gbá. Èyí máa ń tètè dún, kò sì fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù omi. Bí ẹ bá ti lè máa rí ife náà rà, òun ló dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́.

Nígbà tí inú ìbọn ṣófo, ẹ gbé òòlù rẹ̀ dúró sí àárín, kí ẹ fa apátí. Bí ó bá já bọ́, ẹ má rà á.

Ìwọ̀n rẹ̀

Gígùn kọ́ ni dídára. Ìbọn tó gùn jù máa ń há sáàárín igbó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ náà gbé e sí èjìká, kí ẹ ka ení dé ọgbọ̀n. Bí ẹnu ìbọn bá ti ń wálẹ̀, ó wúwo jù fún un.

Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á

Ẹ̀tù dúdú nìkan ni kí ó máa lò, kí ọ̀gá rẹ̀ sì fún un ní ohun ìwọ̀n kan ṣoṣo. Ẹ̀tù inú ọta ìbọn ìgbàlódé lágbára jù, ó lè fa ọ̀pá ya. Bí ó bá fa apátí tí kò dún, kí ẹnu ìbọn ṣì kọ ibi tí kò séèyàn fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Bí ó bá sì dún, kí ó má kánjú ki òmíràn, torí ẹ̀ṣẹ́ná lè ṣì wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò gbà kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ọmọ ọdẹ tí kò bá tíì mọ èyí, tó ń yìnbọn sí ewé tó mì láìrí ohun tó mì í, ìbọn kọ́ ló kù tó nílò.