Omi Olúmìrìn: ibi ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ lórí òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

Ará Máṣífá tó bá fẹ́ lo òpin ọ̀sẹ̀ níbi òkè kò ní láti kúrò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bó bá gba Òṣogbo àti Iléṣà, yóò dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, níbi tí omi Olúmìrìn ti ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta. Ìtàn ìlú náà sọ pé Akinla, tó tẹ̀ ẹ́ dó, ló kọ́kọ́ rí i. Ìpele méje ló ní. Tọmọdé tàgbà ló ń dé ti àkọ́kọ́; àwọn tó kù, iṣẹ́ orúnkún ni. Ìgbà òjò ni omi náà máa ń pọ̀ jù lọ, àmọ́ ìgbà náà gan-an ni àpáta máa ń yọ̀, tí ó sì léwu. Ẹni tó bá mú ọmọ dání, ìpele kìíní ti tó o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a dín kù, òkè a sì rọrùn láti gùn.